Ta Ni Ó Ni Àdírẹ́sì Tí A Fẹ́ Lò? Èrò Mi Lórí Òfin àti Àdéhùn Àwọn Tí Ń Ta Proxy

Nínú gbogbo ìwé àdéhùn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn tí ń ta proxy, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń gbà kọjá dé ìkànnì, ni mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ kà jù lọ, òun náà sì ni mo rí i pé àwọn tí ń rà á ní ìlú wa kì í sábà kà. Wọ́n á wo iye owó, wọ́n á wo orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà níbẹ̀, wọ́n á fi àmì sí ibi tí a kọ "Mo gbà" sí, wọ́n á sì sanwó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, ní agbègbè Under-G tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì LAUTECH, níbi tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ wọn ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kíkó dátà jọ. À ń kó iye owó ọjà, ìròyìn àti ìpolówó tí ó wà ní gbangba lórí oríṣiríṣi ìkànnì jọ fún àwọn oníbàárà, a sì tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkànnì oníbàárà wa ń hàn bí ó ṣe yẹ kí ó hàn fún ẹni tí ó wà ní Kánádà tàbí ní Jámánì. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láìsí proxy, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń ta proxy, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a fẹ́ gbà kọjá, kí a sì wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé àdéhùn.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni kì í kà á. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Wi-Fi kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń jẹ́ Purple, mọ̀ọ́mọ̀ fi gbólóhùn kan sínú àdéhùn rẹ̀ pé ẹni tí ó bá lo Wi-Fi àwọn yóò fi wákàtí 1,000 ṣe iṣẹ́ ìlú, títí kan fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ju ènìyàn 22,000 lọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà. Ilé iṣẹ́ náà kò mú wọn ṣiṣẹ́ náà, ó kàn fẹ́ fi han gbogbo ayé bí àwọn ènìyàn ṣe ń fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta proxy ní tiwọn kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré nínú ìwé wọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, proxy jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó dúró sáàárín èmi àti ìkànnì tí mo fẹ́ dé. Èmi yóò bá a sọ̀rọ̀, òun yóò bá ìkànnì náà sọ̀rọ̀, ìkànnì náà yóò sì rí àdírẹ́sì tirẹ̀ dípò tèmi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rán ọmọ aládùúgbò lọ béèrè iye ọjà ní Sábó: ojú ọmọ náà nìkan ni ẹni tí ń tajà yóò rí, bí aáwọ̀ bá sì ti ibẹ̀ wá, ilé àwọn òbí ọmọ náà ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nínú ọ̀rọ̀ proxy, ẹni tí a ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn ẹni tí ó rí. Láti ibẹ̀ ni gbogbo òfin àti àdéhùn iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí ohun tí wọ́n wà fún ni kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Àdírẹ́sì tí à ń wí yìí ti di ọ̀wọ́n. Oríṣi tí ayé ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ lápapọ̀. Àpapọ̀ èyí tí wọn kò tí ì pín fún ẹnikẹ́ni ní àgbáyé sì tán ní oṣù Èrèlé ọdún 2011, nígbà tí wọ́n pín ìpín tí ó kù fún àwọn àjọ márùn-ún tí ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan. AFRINIC, tí ó wà ní erékùṣù Mauritius, ni ó ń bójú tó ti Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni rírà, títà àti yíyá àdírẹ́sì ti di òwò gidi. Àwọn tí ń ta proxy máa ń gbé oríṣi mẹ́ta síta: èyí tí ó ti inú datacenter wá, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n to kọ̀ǹpútà kún, èyí tí ó ti inú ilé àwọn ènìyàn wá, àti èyí tí ó ti orí fóònù wá. Iye àdírẹ́sì tí a bá gbà fún oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò owó ti datacenter, iye dátà tí a bá lò, GB kan sí òmíràn, ni wọ́n sì fi ń ṣírò ti inú ilé. Ti inú ilé ni ó wọ́n jù nínú àwọn méjèèjì yìí, nítorí pé àwọn ìkànnì tètè máa ń dá àdírẹ́sì datacenter mọ̀, wọ́n á sì dí i lọ́nà.

Ti inú ilé yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Bí mo bá rà á, tí wọ́n sì sọ fún mi pé ìlú London ni ó wà, a jẹ́ pé ẹnì kan wà ní London tí ó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ lóṣooṣù, tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ̀ sì ń gbé ìbéèrè mi lọ sí ìkànnì tí mo fẹ́ dé. N kò mọ ẹni yẹn, òun náà kò mọ̀ mí. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn èmi àti ẹni tí ń ta proxy, bẹ́ẹ̀ òun ni ohun tí mo bá ṣe yóò kọ́kọ́ kàn. Báwo ni ó ṣe dé inú ọ̀rọ̀ náà? Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó gba áàpù kan sórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó díẹ̀ fún un lórí dátà tí ó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn, ó gba géèmù ọ̀fẹ́ kan, láìmọ̀ pé ẹni tí ó ṣe géèmù náà ti gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ proxy láti fi kóòdù tiwọn sínú rẹ̀, tí ohun gbogbo sì wà nínú gbólóhùn kan láàárín àdéhùn gígùn tí ẹni náà kò kà. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rárá.

Ìtàn 911 S5 ni mo fi máa ń ṣàlàyé èyí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ ọjà proxy tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2024 ni ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tú u ká, àti pé ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé òun ni ó ń darí rẹ̀ ti wà ní àhámọ́. Wọ́n ní àdírẹ́sì tí ó ju mílíọ̀nù 19 lọ, láti orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, ni ó wà nínú ọjà náà. Inú àwọn áàpù VPN ọ̀fẹ́, ìyẹn áàpù tí ń fi àdírẹ́sì ẹni pamọ́, bíi MaskVPN, DewVPN àti ShieldVPN ni wọ́n fi kóòdù wọn pamọ́ sí, àwọn tí ó gba áàpù wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà wọn kò sì mọ̀ pé wọ́n ti sọ ilé àwọn di ojú ọ̀nà. Àwọn ọ̀daràn gba ibẹ̀ kọjá láti fi orúkọ olórúkọ béèrè owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, owó tí wọ́n fojú bù pé ó bá a lọ sì lé ní bílíọ̀nù 5.9 dọ́là. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Òkúdù ọdún 2022, wọ́n ti tú òmíràn ká tí ń jẹ́ RSOCKS, tí ó ń ta ànfààní proxy 2,000 ní 30 dọ́là lójúmọ́. Àwọn ẹ̀rọ inú ilé tí ó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn yẹn kọ́kọ́ fipá wọ̀, kí wọ́n tó dé orí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ìtàn wọ̀nyí ni pé kì í ṣe ọ̀daràn nìkan ni ó lè ra irú proxy bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta bàtà ní Texas lè rà á, kí ó sì fi ọkàn mímọ́ lò ó, síbẹ̀ ilé tí wọ́n fipá já ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó gbà kọjá, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó gbé ọjà náà ró. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi mọ̀ ju pé kí ó wo inú àdéhùn, kí ó wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí àdírẹ́sì wọn. Ibi yẹn ni mo ń kà ṣáájú gbogbo ohun mìíràn. Mo ń wò ó bóyá wọ́n sọ pé onílé fọwọ́ sí i ní kedere, bóyá ó lè yọwọ́ nígbàkígbà tí ó bá wù ú, bóyá wọ́n ń san nǹkan fún un, àti bóyá ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà lórí iná àti Wi-Fi nìkan ni wọ́n ń lò ó. Bí ìwé náà bá dákẹ́ lórí gbogbo èyí, tí ohun tí ó ń tẹnu mọ́ kò ju pé àdírẹ́sì àwọn pọ̀ lọ, n kì í rà á, ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá láti apá kejì pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter ní Nàìjíríà, láti oṣù Òkúdù ọdún 2021 títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, VPN ọ̀fẹ́ di ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ń gbà sórí fóònù wọn, ọ̀pọ̀ kò sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Ìwọ̀nba ni mo rí nínú wọn tí ó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ náà lè ní iye tirẹ̀. Ní ọdún 2015 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tí ń lo VPN ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ Hola ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò lábẹ́ orúkọ Luminati. Ẹni tí ó bá jókòó sí Under-G, tí ó ra dátà 10 GB, tí ó sì rí i pé ó tán láìmọ ohun tí ó jẹ ẹ́, kí ó yẹ àwọn áàpù ọ̀fẹ́ tí ó wà lórí fóònù rẹ̀ wò, kí ó ka àdéhùn wọn, nítorí ó ṣeé ṣe kí òun náà ti di onílé tí wọ́n ń gba ojúlé rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ohun tí a gbà láàyè láti ṣe àti ohun tí a kò gbà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò àlàyé: jìbìtì, fífi ìbéèrè ya bo ìkànnì ẹlòmíràn títí yóò fi dákú, fífi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò béèrè rẹ̀. Nítorí ti ímeèlì yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ti ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 25, pa pátápátá. Àwọn kan tún máa ń dí ìkànnì báńkì àti ti ìjọba, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń dí irú ọ̀nà wọ̀nyí ń gba ti onílé rò. Òfin orílẹ̀-èdè wa náà sì wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí ní ọdún 2024, sọ pé ẹni tí ó bá lo ohun èlò láti fi ojú ara rẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú èrò láti wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 7 lọ jura. Kì í ṣe lílo proxy ni òfin náà kà léèwọ̀, ohun tí ènìyàn fẹ́ fi ìfarapamọ́ náà ṣe ni.

Ibi tí ó ṣòro ni ti kíkó dátà gbangba jọ, tí ó jẹ́ iṣẹ́ wa gan-an. Ìkànnì tí a fẹ́ kó nǹkan lórí rẹ̀ ní àdéhùn tirẹ̀, ẹni tí ó ta proxy fún wa ní tirẹ̀, ìwé ti ẹni tí ó ta proxy sì sábà máa ń sọ pé a kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ òun rú àdéhùn ẹlòmíràn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, adájọ́ kan ní San Francisco dá ẹjọ́ kan tí Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni Facebook àti Instagram, pe Bright Data, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta proxy tí ó tóbi jù, orúkọ tí Luminati tí mo dárúkọ lókè wá ń jẹ́ báyìí. Adájọ́ náà ka àdéhùn Meta ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì pinnu pé kò ka kíkó dátà gbangba jọ léèwọ̀ fún ẹni tí kò wọlé pẹ̀lú àkántì. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí a fi ìlànà lélẹ̀ níbi iṣẹ́ wa pé a kì í wọ inú àkántì ẹnikẹ́ni láti kó dátà, ohun tí ẹni tí ń kọjá lọ lè rí ni àwa náà ń kó. Bí oníbàárà bá ní kí a wọ inú àkántì, mo ti rí i pé ó sàn kí a kọ̀ láti gba iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ju kí a dá owó rẹ̀ padà lẹ́yìn tí wàhálà bá ti bẹ́.

Ìlà mìíràn tí àwọn ará ibí ń fẹsẹ̀ kọ́ ni èyí tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn ní proxy tí a rà, a kò sì gbọdọ̀ tún un tà. Ní àyíká yunifásítì, dídá owó jọ ra nǹkan kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin á dáwó, ọ̀kan á fi káàdì rẹ̀ sanwó, gbogbo wọn á sì máa lo pásíwọ́ọ̀dù kan náà. Lójú ẹni tí ó kọ àdéhùn náà, èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, ìrúfin ni, ó sì lè ti àkántì náà pa láìdá owó tí ó ṣẹ́kù padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo mọ̀, owó tí kò tí ì ná lórí àkántì náà sì lọ síbẹ̀. Mo bá a kẹ́dùn, àmọ́ ó yé mi ìdí tí wọ́n fi fi ìlà náà síbẹ̀: bí mẹ́rin bá ń lo orúkọ kan, tí ẹ̀sùn bá wá dé, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọwọ́ tí ó ṣe é.

Èyí tún gba ibòmíràn wọlé tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó dára pọ̀ mọ́ wa láìpẹ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tí ń ta proxy ní kí n fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí n má baà máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù nígbà gbogbo. Ṣé kí n fi sílẹ̀?" Mo bi í pé, "Kí ni o fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì?" Ó ní, "Fóònù mi ni, sà." Mo ní, "Má fi í sílẹ̀ o, pásíwọ́ọ̀dù ni kí o máa lò." Ìdí rẹ̀ ni pé nítorí ọ̀wọ́n àdírẹ́sì tí mo ti sọ, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ó sì lè yí padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá fi àdírẹ́sì tí ó rí ní àárọ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìlọrin lè wà lábẹ́ àdírẹ́sì kan náà, kí ilẹ̀kùn proxy tí òun rà sì ṣí sílẹ̀ fún un. Àdéhùn sì sọ pé ohunkóhun tí ó bá gba orí àkántì náà kọjá, ọrùn ẹni tí ó ni àkántì ni ó wà. Ẹni tí ó ní ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí àdírẹ́sì rẹ̀ kì í yí padà, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni pín in, ni wọ́n kọ ìpínrọ̀ fífi àdírẹ́sì sílẹ̀ yẹn fún. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò wa.

Ní ti owó, mo ní kí a ṣọ́ra fún àwọn ohun díẹ̀. Dátà tí a fi ránṣẹ́ àti èyí tí a gbà ni wọ́n máa ń kà pọ̀, nítorí náà ojú ewé tí àwòrán kún inú rẹ̀ yóò jẹ GB ju bí a ti rò lọ. GB tí a kò lò tán lè pàdánù nígbà tí oṣù bá parí. Ibi tí wọ́n bá sì ti polówó pé kò ní òpin, ẹ lọ wo ìpínrọ̀ lílò tí ó bójú mu, tí wọ́n ń pè ní "fair use", ibẹ̀ ni òpin náà wà. Dídá owó padà kì í sábà kọjá ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì lè ní bí ènìyàn bá ti lo ìwọ̀n báyìí, kò sí ìdápadà mọ́. Èyí tí ó le jù fún wa ni pé àdéhùn náà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka owó. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba, bá ara rẹ̀ nínú àdéhùn kan náà nígbà tí ó ti lé ní 1,500 ní òpin ọdún 2024, láìsí pé ẹni tí ń tà á fi sẹ́ǹtì kan lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró ní ọdún 2022, èyí tí ó ti àwọn kan lọ sídìí sísan owó pẹ̀lú USDT, oríṣi owó crypto kan tí kò ṣeé gbà padà nípasẹ̀ báńkì bí ẹni tí a san án fún bá kọ̀. Bí ẹni tí ń ta proxy bá ń béèrè irú owó yìí nìkan, tí kò sì gba káàdì rárá, mo máa ń padà lọ ka ìpínrọ̀ ìdápadà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìlérí pé iṣẹ́ kò ní já kò gba mí lákòókò púpọ̀. Ẹni tí ó ṣèlérí ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ti fún ara rẹ̀ láàyè láti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 43 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹni tí ó ṣèlérí 99 sì lè dákẹ́ fún wákàtí méje ó lé díẹ̀. Fún ẹni tí iná mànàmáná ìlú rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, èyí kéré.

Ohun tí wọ́n ń rí nípa wa ṣe pàtàkì jù ú lọ. Bí ìkànnì tí a ń lọ bá ní ààbò HTTPS, èyí tí ń bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó ni proxy yóò mọ orúkọ ìkànnì náà, yóò mọ àsìkò àti ìwọ̀n dátà, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí a kọ síbẹ̀. Bí ààbò náà kò bá sí, gbogbo rẹ̀ ni yóò rí, títí kan pásíwọ́ọ̀dù. Ó wà nínú àdéhùn, tàbí nínú ìwé kejì tí wọ́n so mọ́ ọn, iye ọjọ́ tí wọn yóò fi tọ́jú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí àti ẹni tí wọ́n lè fi hàn. Àwọn kan ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ àti àwòrán ojú kí wọ́n tó tà. Ó máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú, wọ́n á ní ẹni tí ó fẹ́ fi ara pamọ́ kò lè fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ẹni tí ó ń béèrè orúkọ mi kí ó tó fún mi ní ojúlé ẹlòmíràn ń ṣe ohun tí ó tọ́, bí ó bá ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun yóò ṣe tọ́jú ìwé mi àti ìgbà tí òun yóò pa á rẹ́.

Ìparí ìwé náà ni wọ́n máa ń kó ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí. Wọ́n á ní bí iṣẹ́ náà ti rí ni àwọn ṣe ń tà á. Wọ́n á ní bí òfò bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ohun tí àwọn lè san kò ju owó tí a san fún àwọn láìpẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pe àwọn lẹ́jọ́ nítorí ohun tí a ṣe, àwa ni a ó san gbogbo rẹ̀, owó lọ́yà wọn pẹ̀lú, kò sì sí ibi tí èyí pin sí. Wọ́n á yan orílẹ̀-èdè tí ẹjọ́ yóò ti wáyé, ibi tí ẹni tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kọjá. Wọ́n á tún ní àwọn lè yí àdéhùn padà nígbà tí ó bá wù wọ́n, àti pé bí a bá ń bá a lọ láti lò ó, a ti gbà nìyẹn. N kò rò pé èyí tọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè wa kò fàyè gba àdéhùn tí ó rẹ́ oníbàárà jẹ, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi irú ìlà tí ó ń yọ olùtajà nínú ẹ̀bi han oníbàárà ní kedere kí ó tó fọwọ́ sí i. Àmọ́ fífi òfin yẹn mú ilé iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì níbí kò rọrùn, nítorí náà kí á tó sanwó ni agbára wà lọ́wọ́ wa. Mo máa ń kọ ímeèlì sí wọn, mo máa ń béèrè ìbéèrè méjì: báwo ni onílé ṣe fọwọ́ sí i, àti bí ẹ bá gba ẹ̀sùn nípa mi, ṣé ẹ ó bi mí léèrè kí ẹ tó ti àkántì mi pa? Àwọn tí kò dáhùn wà, àwọn tí ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìpolówó wà, àwọn tí ó fara balẹ̀ ṣàlàyé náà sì wà, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni owó wa ń lọ.

Nítorí pé ohun tí a rà ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń lò lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ wa, àwa náà ti kọ ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá tí ẹnikẹ́ni tí ó bá darapọ̀ mọ́ wa yóò kà sókè kí ó tó gba pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú báńkì, ímeèlì tàbí àkántì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ lórí proxy ilé iṣẹ́. Ó sọ pé kí a dín ìbéèrè tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìkànnì kékeré kù, kí ẹrù wa má baà pa á. Ó sì sọ pé a ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìkànnì tí oníkálukú lọ sílẹ̀, kí a lè dáhùn bí wọ́n bá bi wá. Iye ìgbà tí àkọsílẹ̀ yìí yóò fi wà lọ́wọ́ wa ni a kò tí ì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan nínú wa, tí wọ́n ti ka òfin ààbò dátà ti ọdún 2023, ní oṣù mẹ́ta ti tó, kí a má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ. Oṣù mẹ́fà ni èmi ń fẹ́, nítorí pé ẹ̀sùn tí ó ti òkèèrè ń bọ̀ kì í tètè dé.